Orúkọ Òkú Kò Gbọdọ̀ Di Àlọ́: Ìtàn Tòótọ́ àti Eré Sinimá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá, àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ní ayé àtijọ́, ẹnu àwọn arọ́kin ààfin, àwọn onírárà àti àwọn àgbà agbo-ilé ni ọmọ Yorùbá ti ń gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ kí a tó bí i. Bí ọ̀kan nínú wọn bá ṣì í sọ, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò jìnnà sí i. Wọn yóò tọ́ ọ sọ́nà lójú ẹsẹ̀. Lóde òní, sinimá àti tẹlifíṣàn ni ó gba àga lọ́wọ́ arọ́kin. Ẹni tí ó bá sì jókòó sórí àga arọ́kin, ó yẹ kí ó mọ̀ pé ẹrù arọ́kin wà lórí òun pẹ̀lú.

Èyí kò wí pé eré kò gbọdọ̀ yàtọ̀ sí ìtàn rárá. Ìtàn gùn, bẹ́ẹ̀ ni wákàtí díẹ̀ péré ni sinimá ní. Ìgbésí ayé ọmọ ènìyàn kì í sábà ní ìbẹ̀rẹ̀, àárín àti òpin tí ó gún régé, eré kò sì lè dúró láìsí wọn. Kò sí akọ̀wé tí ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn àwọn ìjòyè àtijọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá àwọn ará ilé wọn sọ sílẹ̀. Òǹkọ̀wé eré ni yóò fi ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Gbogbo èyí kò lẹ́bi. Ìbéèrè tí ó le ni pé: ìyípadà wo ni ó jẹ́ ti iṣẹ́ ọnà, èwo ni ó sì jẹ́ ìbanilórúkọjẹ́? Àpẹẹrẹ mẹ́ta tí ó kan ilẹ̀ Yorùbá gbọ̀ngbọ̀n yóò là wá lóye. Àkọ́kọ́ ni ti Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà, èkejì ni ti Ẹlẹ́sìn Ọba ní Ọ̀yọ́, ẹ̀kẹta sì ni ti àwọn obìnrin jagunjagun ilẹ̀ Dàhómì.

Ẹfúnṣetán nínú Ìtàn

Ẹfúnṣetán jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Ọmọ Ẹ̀gbá ni baba rẹ̀. Oníṣòwò pàtàkì ni: ó ní oko ńláńlá, ó ní ẹrú púpọ̀ tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, òwò rẹ̀ sì dé Abẹ́òkúta àti etí òkun. Ní ìlú tí ogun jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ gbogbo, òun ni ó máa ń ta ìbọn àti ẹ̀tù ní àwìn fún àwọn ológun. A ó rí i pé agbára rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ẹni tí ó ní ẹ̀tù nípamọ́ ní Ìbàdàn ìgbà náà, tí ológun sì jẹ ní gbèsè, ohùn rẹ̀ kò lè kéré nínú ìgbìmọ̀. Ṣùgbọ́n ọrọ̀ yìí kò lé ìbànújẹ́ jìnnà sí i. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí ó bí kú lórí ìkúnlẹ̀ ní 1860.

Nígbà tí Látòósà di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ó sì di olórí Ìbàdàn, àárín òun àti Ìyálóde kò gún. Ní 1874, Ààrẹ ti ogun dé, ó sì ka ẹ̀sùn mẹ́ta sí Ẹfúnṣetán lẹ́sẹ̀. Èkíní, kò bá Ààrẹ lọ sí ogun. Èkejì, kò fi ohun èlò ránṣẹ́ sí i lójú ogun. Ẹ̀kẹta, kò jáde fúnra rẹ̀ wá pàdé Ààrẹ lẹ́yìn odi láti kí i kú àbọ̀. Àlùfáà Samuel Johnson ni ó kọ èyí sílẹ̀ nínú ìwé ìtàn ńlá tí ó kọ nípa àwọn Yorùbá, Ìbàdàn ni ó sì ń gbé ní àkókò náà. Kí òǹkàwé fi ara balẹ̀ wo àwọn ẹ̀sùn náà dáradára. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó kan ìwà ìkà sí ẹrú. Ọ̀rọ̀ ogun, ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ọlá ni gbogbo wọn.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Máyìí 1874, wọ́n yọ Ẹfúnṣetán kúrò lórí oyè, wọ́n sì fi ẹlòmíràn jẹ Ìyálóde. Ó san owó ìtanràn, ó fi ẹ̀bùn bẹ àwọn ìjòyè, ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kò wọlé. Kúmúyìlọ́, tí Ẹfúnṣetán tọ́ bí ọmọ, ni wọ́n fi owó àti ìlérí fà mọ́ra. Ní òru ọgbọ̀njọ́ oṣù Júùnù, àwọn ẹrú rẹ̀ méjì gba òkè àjà sọ̀ kalẹ̀ sínú yàrá tí ó sùn sí, wọ́n sì pa á. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ariwo ta. Àwọn Ẹ̀gbá, tí wọ́n jẹ́ ẹbí baba rẹ̀, ránṣẹ́ wá béèrè ohun tí ó pa ọmọ wọn. Ó di dandan kí a rí ẹni tí yóò ru ẹ̀bi náà. Ní oṣù Júláì, wọ́n pa àwọn ẹrú méjì náà ní gbangba. Ẹrú tí a rán níṣẹ́ kú. Ẹni tí ó rán an níṣẹ́ kò kú.

Ẹfúnṣetán lórí Ìtàgé

Ní 1970 ni wọ́n tẹ ìwé eré Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí ó pè ní Ẹfúnṣetán Aníwúrà jáde. Kò sí àní-àní pé ọ̀kan nínú àwọn eré tí ó dára jù lọ ní èdè Yorùbá ni. Èdè rẹ̀ yọ̀, òwe rẹ̀ kún, ìbẹ̀rù àti àánú sì ń wọ ara ènìyàn bí ó ti ń kà á. Àwọn ọmọ ilé-ìwé kà á, àwọn olùkọ́ kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ òṣèré Ìṣọ̀lá Ògúnṣọlá ṣe é lórí ìtàgé ní pápá ìṣeré Olúbàdàn ní 1981, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ni ó sì ya lọ wò ó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 náà ni Bánkọ́lé Béllò sọ ọ́ di sinimá. Láti ìgbà náà, bí a bá dárúkọ Ẹfúnṣetán níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, obìnrin inú eré yìí ni ó máa ń yọ sí wọn lójú.

Ta wá ni obìnrin inú eré náà? Òbí tí ikú ọmọ ti sọ ọkàn rẹ̀ di òkúta ni. Ó pàṣẹ pé ẹrú rẹ̀ kan kò gbọdọ̀ lóyún, ẹrúkùnrin kan kò sì gbọdọ̀ fún ẹrúbìnrin lóyún, nítorí ọmọ tirẹ̀ ti lọ. Nígbà tí Adétutù lóyún, ẹ̀bẹ̀ gbogbo ìlú kò lè gbà á sílẹ̀; wọ́n bẹ́ ẹ lórí. Látòósà àti àwọn ìjòyè dìde ogun sí i, wọ́n ṣẹ́gun rẹ̀, àwọn ẹrú rẹ̀ sì rí ìdásílẹ̀. Níkẹyìn, Ẹfúnṣetán fúnra rẹ̀ gbé májèlé jẹ.

Bí a bá gbé ìtàn àti eré sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, a ó rí i pé ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀ kọjá ti aṣọ àti ọ̀rọ̀ ẹnu. Nínú ìtàn, òkú òru ni wọ́n wọlé tọ̀ ọ́. Nínú eré, ọ̀sán gangan ni wọ́n gbógun tì í. Nínú ìtàn, wọ́n pa á; nínú eré, ó pa ara rẹ̀. Nínú ìtàn, ẹ̀sùn rẹ̀ ni pé kò ti ogun Ààrẹ lẹ́yìn. Nínú eré, ẹ̀sùn rẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ aláìṣẹ̀. Ẹni tí ó sì jèrè jù lọ nínú pàṣípààrọ̀ yìí ni Látòósà. Ẹni tí ìtàn sọ pé ó rán apani lóru ni eré sọ di olùdáǹdè ẹrú. Látòósà yìí kan náà ni Ìbàdàn wà lábẹ́ rẹ̀ nígbà tí ogun tí a mọ̀ sí Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà gbé ohun ìjà nítorí pé àjàgà Ìbàdàn ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn. Látòósà kú sí ojú ogun náà ní 1885, àgọ́ ogun kò sì tú títí di 1893. Iṣẹ́ ìdásílẹ̀ ẹrú kọ́ ni ìtàn fi mọ̀ ọ́n.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ó tọ́ kí a gbọ́ ti òǹkọ̀wé pẹ̀lú. Akínwùmí Ìṣọ̀lá kò fi igi gún ìtàn lójú láìnídìí. Ìtàn àtẹnudẹ́nu nípa ìrorò Ẹfúnṣetán wà ní Ìbàdàn kí ó tó kọ eré rẹ̀, ikú ọmọ rẹ̀ sì jẹ́ òtítọ́. Eré ọlọ́fọ̀ ni ó ń kọ, eré bẹ́ẹ̀ sì ń fẹ́ kí ènìyàn ńlá ṣubú láti ọwọ́ àbùkù tirẹ̀, kí ó má jẹ́ láti ọwọ́ ẹrú tí ó ń yọ́ rìn lórí àjà. Bákan náà, kò yẹ kí ẹni tí ó ń gbèjà Ẹfúnṣetán sọ ọ́ di ẹni mímọ́. Olówó ẹrú ni. Àwọn ènìyàn tí ó ń ṣiṣẹ́ lóko rẹ̀ kò lọ síbẹ̀ nípa ìfẹ́ inú wọn, òwò ẹ̀tù rẹ̀ sì wà lára ohun tí ó ń sọ ọmọ ọlọ́mọ di ẹrú. Bí a bá fi irọ́ dídùn rọ́pò irọ́ kíkorò, irọ́ ṣì ni.

Àwọn òpìtàn ti gbìyànjú láti tún ọ̀rọ̀ náà gbé yẹ̀ wò. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́láńlé Awẹ́ wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fi hàn pé ipò Ìyálóde jẹ́ ipò òṣèlú, àti pé ìjà òṣèlú ni ó wà láàrin Ẹfúnṣetán àti Látòósà. Ère Ẹfúnṣetán sì wà ní oríta Challenge ní Ìbàdàn. Síbẹ̀, ìwádìí òpìtàn wà nínú ìwé tí ènìyàn díẹ̀ ń kà, eré sì wà lójú ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà.

Ẹlẹ́sìn Ọba ní Ọ̀yọ́

Àpẹẹrẹ kejì yàtọ̀. Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù, tí ó jọba láti 1911, wàjà ní oṣù Dísẹ́ḿbà 1944. Àṣà ìgbà náà ni pé Olókùn Ẹṣin yóò bá ọba lọ. Jínádù ni ẹni tí ó wà ní ipò náà. Ní oṣù Jánúárì 1945, ó wọ aṣọ funfun, ó ń jó la àárín ìlú Ọ̀yọ́ kọjá láti lọ ṣe ohun tí àṣà ní kí ó ṣe. Àjẹ́lẹ̀ òyìnbó gbọ́, ó pàṣẹ kí wọ́n mú un, wọ́n sì mú un. Nígbà tí Múránà, àbíkẹ́yìn Jínádù, gbọ́ pé ikú ti yẹ̀ lórí baba òun, ó gba ipò baba rẹ̀, ó sì pa ara rẹ̀.

Dúró Ládiípọ̀ fi ìṣẹ̀lẹ̀ yìí ṣe eré Ọba Wàjà ní 1964. Ní 1975, Wọlé Ṣóyínká kọ eré tirẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Bíyìí Bándélé sọ eré Ṣóyínká di sinimá tí ó pè ní Ẹlẹ́ṣin Ọba, èdè Yorùbá ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọdún 2022 ni sinimá náà jáde, oṣù kan ṣáájú kí wọ́n tó kọ́kọ́ fi í han aráyé ni Bándélé ṣaláìsí.

Ìyípadà pọ̀ nínú eré Ṣóyínká. Àbíkẹ́yìn di àkọ́bí. Ọmọ Ọ̀yọ́ di Olúǹdé tí ó ń kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ìlú Òyìnbó. Èyí tí ó tóbi jù ni ti ọkàn baba. Jínádù inú ìtàn ti wọṣọ, ó ti ń jó lọ. Òyìnbó ni ó dá a dúró. Ẹlẹ́ṣin inú eré fẹ́ ìyàwó tuntun ní alẹ́ tí ó yẹ kí ó kú, adùn ayé sì fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn kí òyìnbó tó dé. Nínú ìtàn, ìjọba àjèjì ni ó da ètò rú. Nínú eré, ẹ̀bi náà wà nínú ọkàn Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀.

Ìyípadà yìí kò kéré sí ti Ẹfúnṣetán. Kí ló dé tí a kò fi lè pè é ní ìbanilórúkọjẹ́? Ìdí méjì ni ó wà. Èkíní ni pé Ṣóyínká kò pe ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ ní Jínádù. Orúkọ oyè ni ó pè é, orúkọ olóòótọ́ kò sí níbẹ̀. Èkejì ni pé ó kọ ọ́ sí iwájú ìwé rẹ̀ gbangba pé òun yí ìṣẹ̀lẹ̀ náà padà, òun sì sún un sẹ́yìn sí àkókò ogun àgbáyé. Ohun tí ó pani lẹ́rìn-ín díẹ̀ níbẹ̀ ni pé 1946 ni ó pe ọdún ìṣẹ̀lẹ̀ náà, bẹ́ẹ̀ ogun àgbáyé kò tíì parí nígbà tí wọ́n mú Jínádù. Ìyẹn ni pé ibi tí ó rò pé òun sún ìtàn sí gan-an ni ìtàn wà tẹ́lẹ̀. Àní àkọsílẹ̀ ẹni tí ó ń sọ òtítọ́ nípa ìyípadà tí ó ṣe pàápàá yẹ kí a yẹ̀ wò.

Ọba Ghezo àti Àwọn Obìnrin Jagunjagun

Àpẹẹrẹ kẹta ti òkè òkun wá. Ní 2022, àwọn ará Amẹ́ríkà gbé sinimá The Woman King jáde. Gina Prince-Bythewood ni ó darí rẹ̀, Viola Davis sì ni olórí àwọn jagunjagun inú rẹ̀. Ọdún 1823 ni wọ́n fi ìtàn náà sí. Dàhómì, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ń bá Ọ̀yọ́ jà láti bọ́ lọ́wọ́ ìsìn.

Òtítọ́ wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ogun obìnrin wà ní Dàhómì lóòótọ́. Dàhómì ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún Ọ̀yọ́ láti ọ̀rúndún kejìdínlógún, ní nǹkan bí 1823 ni Ọba Ghezo sì kọ̀ láti san án mọ́, nígbà tí Ọ̀yọ́ ń wó lọ. Ọ̀yọ́ náà ta ẹrú. Kò sí ẹni tí ó lè sẹ́ ẹ. Ibi tí sinimá ti ṣìnà ni pé ó fi Ghezo hàn bí ọba tí ọkàn rẹ̀ ń yí padà kúrò nínú òwò ẹrú sí òwò epo pupa. Ghezo inú ìtàn gorí oyè ní 1818 pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Francisco Félix de Souza, ọmọ Bùràsíìlì tí ó jẹ́ gbajúmọ̀ oníṣòwò ẹrú ní Ouidah. Kò fọwọ́ sí ìwé àdéhùn láti dá òwò náà dúró títí di 1852, lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti sé etí òkun mọ́ ọn.

Àwọn Ẹ̀gbá mọ Ghezo ju bí sinimá ti mọ̀ ọ́n lọ. Ní oṣù Máàṣì 1851, ogun rẹ̀, tọkùnrin tobìnrin, dé odi Abẹ́òkúta. Ẹ̀gbá lé wọn padà. Ní 1864, ogun Dàhómì tún padà wá lábẹ́ Glele ọmọ rẹ̀, wọ́n sì tún ṣẹ́gun wọn. Ìlú Kétu kò rí irú oríire bẹ́ẹ̀. Dàhómì pa á run ní 1886. Ọmọ Kétu tí ó bá wo sinimá náà yóò rí àwọn akọni obìnrin tí ó yẹ kí a yìn fún ìgboyà, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí ìgboyà náà ṣe sí ilé baba tirẹ̀.

Òṣùwọ̀n Tí Ó Yẹ

Láti inú àpẹẹrẹ mẹ́ta yìí, a lè fa òṣùwọ̀n kan yọ. Ẹni tí ó bá pa orúkọ mọ́, ó yẹ kí ó pa ẹ̀bi àti àre mọ́. Òǹkọ̀wé lè yí ọjọ́ padà, ó lè pa ènìyàn mẹ́ta pọ̀ di ẹnìkan, ó lè dá ẹrú kan tí kò sí rí sílẹ̀ kí ó sì sọ ọ́ ní Adétutù. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ sọ ẹni tí wọ́n pa di ẹni tí ó pa ara rẹ̀, bí ó bá fẹ́ sọ apani di olùgbàlà, ọ̀nà ọlọ́lá kan wà fún un: kí ó yí orúkọ padà. Bí kò bá lè fi orúkọ náà sílẹ̀ nítorí pé orúkọ ni yóò fa èrò wá, a jẹ́ pé ọlá òkú ni ó ń jẹ. Ó sì yẹ kí ẹni tí ó ń jẹ ọlá òkú san gbèsè rẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé òǹwòran kì í ṣe òmùgọ̀, ó mọ̀ pé eré ni eré. Lóòótọ́, Yorùbá mọ ìyàtọ̀ láàrin ìtàn àti àlọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ pa àlọ́ yóò kọ́kọ́ wí pé àlọ́ o, àwọn olùgbọ́ yóò sì dáhùn pé àlọ̀. Ìpè àti ìdáhùn yìí ni ààlà. Ṣùgbọ́n sinimá tí a kọ sí iwájú rẹ̀ pé ìtàn tòótọ́ ni, ìpè rẹ̀ kì í ṣe ìpè àlọ́. Ó ti ní kí olùgbọ́ gba òun gbọ́.

Iṣẹ́ kan wà níhìn-ín fún olùkọ́ Yorùbá. Kò yẹ kí ó gba ìwé Akínwùmí Ìṣọ̀lá lọ́wọ́ ọmọ, nítorí bí ó bá gbà á, ọmọ pàdánù èdè tí kò ní rí níbòmíràn. Kò sì yẹ kí ó kọ́ ọ bí ẹni pé ìtàn Ìbàdàn ni. Kí ó gbé ẹ̀sùn mẹ́ta ti 1874 sí ẹ̀gbẹ́ ìran tí wọ́n ti bẹ́ Adétutù lórí, kí ó sì bi kíláàsì pé: ẹ̀sùn wo ni ó sọnù, èwo ni ó wọlé, ta ni ó sì jèrè níbẹ̀? Kí ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ìwé Johnson pàápàá kì í ṣe ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Johnson parí rẹ̀ ní 1897, ìwé náà sọnù lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ tẹ̀ ẹ́, ó sì kú ní 1901. Àbúrò rẹ̀, Obadiah, ni ó tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tí ó kù kí ó tó jáde ní 1921. Ọmọ tí ó bá kọ́ láti béèrè ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá yóò lè wo sinimá kí ó gbádùn rẹ̀, kò sì ní jẹ́ kí ó tan òun jẹ.

Ẹfúnṣetán kò bí ọmọ mìíràn tí yóò dìde gbèjà orúkọ rẹ̀. Ọmọ tí ó tọ́ ni ó ṣílẹ̀kùn fún ikú. Àwọn tí ń ka ìtàn ni ó kù tí yóò ṣe ọmọ fún un.